Bó o ṣe máa kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láì dá kún ẹ̀dùn ọkàn ẹ̀

Ṣé o ti dúró síwájú ilé ọ̀fọ̀ rí, tó o ti bọ́ bàtà, tó ku kó o wọlé, tí ẹnu ẹ kàn gbẹ? Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ àìmọye ìgbà. Mo sì ti wà nínú ilé yẹn náà rí, lórí ẹní, tó jẹ́ àwa gan-an lọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló kú, ọmọ ọdún 29, ilé wa ní Mọ̀kọ́lá níbí làwọn èèyàn ti wá bá wa. Àwọn kan wá, wọ́n sọ̀rọ̀ bíi wákàtí kan, bí wọ́n ṣe jáde báyìí màámi ní kí n lọ ti ilẹ̀kùn, pé àwọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn míì wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ò tó mẹ́wàá, títí dòní màámi ṣì ń dárúkọ wọn tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fojú sílẹ̀ wo bí àwa ará Ìbàdàn ṣe ń kí ara wa lọ́fọ̀, èyí tó ń tuni lára àtèyí tó ń fi iyọ̀ sójú egbò, òun ni mo fẹ́ tò síbí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀.

1. Kọ́kọ́ mọ irú òkú tó jẹ́

Kó o tó la ẹnu, wádìí. Ta ló kú? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ ṣì wà láyé? Torí pé Yorùbá kìí kí gbogbo òkú bákan náà, ibi tí ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣì í nìyẹn. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ti rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló lọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá" la máa kí àwọn ọmọ ẹ̀, a lè fi "ẹ̀yìn wọn á dáa" àti "àwọn ọmọ tiyín náà á sin yín" kún un, tó bá wá di ọjọ́ ìsìnkú tí wọ́n ti ta kánópì síta, "ẹ kú ìnáwó" náà ò burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, tàbí ẹni tí òbí ẹ̀ ṣì ń bẹ láyé, ì báà jẹ́ ẹni ọdún 60, "ẹ kú ọ̀fọ̀" ni, kò sí àṣẹ̀yìndè níbẹ̀ rárá. Tí o ò bá mọ èyí tó o máa lò, "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni kó o sọ, kò sí òkú tí kò bá mu.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa kọ ọ́ sórí WhatsApp fún obìnrin kan pé "ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìnáwó o". Ọkọ obìnrin yẹn ló kú, ẹni ọdún 41. Ẹ̀gbọ́n yẹn ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ìkíni ló pọ̀ tó dà á rú mọ́ra. Obìnrin yẹn gbé fóònù ẹ̀ fún mi kí n kà á, ó ní "ìnáwó wo?" Mi ò rí èsì fún un.

Má sì rò pé torí pé àgbà ló kú, kò dun ọmọ ẹ̀. Màmá ẹni ọdún 90 tó kú, màmá ẹnìkan ni. Wo ojú wọn kó o tó máa rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá ń sunkún, ọ̀fọ̀ ni kó o bá wọn ṣe, àríyá ṣì ń bọ̀.

2. Rí i dájú pé wọ́n ti túfọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ń dùn mí gan-an. Àwa Yorùbá ní ètò fún títúfọ̀, kìí ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ló ń kéde. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á ro ẹni tó máa sọ, ìgbà tó máa sọ ọ́, àti ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ fún. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Kánádà, orí Facebook ló ti rí ikú bàbá ẹ̀, ẹnìkan ló gbé fótò bàbá síbẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílé níbí sì ṣì ń wá bí wọ́n ṣe máa pe ọkọ ẹ̀ kó kúrò níbi iṣẹ́ lọ jókòó tì í. Inú bọ́ọ̀sì ló wà nígbà tó rí i. Torí náà má gbé e sí status, má kọ RIP sábẹ́ fótò ẹnikẹ́ni, àfi tó o bá ti rí i pé ọmọ tàbí ìyàwó tàbí ọkọ olóògbé ti gbé e síta fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ tó o máa lò náà ṣe pàtàkì. Ọba ló ń wàjà, má lọ kọ ọ́ pé bàbá ọ̀rẹ́ ẹ wàjà. Àgbà la máa ń sọ pé ó papòdà, ó sùn, ó filẹ̀ bora bí aṣọ. Ti ọ̀dọ́, "ó ṣaláìsí" ti tó.

3. Tètè lọ

Tó bá ṣeé ṣe, fẹsẹ̀ ara ẹ lọ, má fi fóònù dípò. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí òkú kìí pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Olúbàdàn Ọba Sálíù Adétúnjí wàjà lọ́jọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 2022, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n ní Pópóyemọja. Tí wọn ò bá fi ti ọba falẹ̀, wọn ò ní torí pé o wà níbi iṣẹ́ dá jánásà aládùúgbò ẹ dúró. Tó o bá gbọ́ láàárọ̀, wá àyè lọ́sàn-án. Tó ò bá bá jánásà, ilé ṣì wà, lọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èyí tí wọ́n ń pè ní fìdáù, wọ́n sì ń ṣe ti ogójì ọjọ́, àwọn àfáà kan sì wà tí wọn ò fara mọ́ ọn. Èrò yòówù kó o ní nípa ẹ̀, má gbé e wọlé ọ̀fọ̀. Mo ti rí ibi tí àwọn ọkùnrin méjì ti ń jiyàn lórí fìdáù lójú opó, tí opó ọ̀hún ń wo ilẹ̀.

Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ ẹ̀ bá kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló máa fi jókòó, kò ní máa jáde láìnídìí, kò sì ní ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìwọ ni kó o máa lọ bá a. Má pè é wá síbi ìsọmọlórúkọ, kó o wá máa bínú pé kò wá.

Lọ́dọ̀ àwọn Krìstẹ́nì òkú lè wà ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣe àìsùn àti ìsìnkú. Àwọn èèyàn wá máa ń rò pé ọjọ́ àìsùn ló yẹ káwọn wá. Rárá o. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé ń dákẹ́ tí àwọn onílé sì ń wo ara wọn lójú, lọ nígbà yẹn.

4. Aṣọ

Aṣọ tí kò pariwo. Má wé gèlè gàgàrà, má da lọ́fínńdà sára bí ẹni tó ń re òde, má kun ètè. Pa ohùn fóònù ẹ kó o tó wọlé. Má ya fídíò ẹni tó ń sunkún, kò sí ìdí kankan lábẹ́ ọ̀run tó fi yẹ kó o ṣe é.

5. Bó o ṣe máa wọlé, ohun tó o máa sọ

Tó bá jẹ́ agbo-ilé bí irú èyí tó pọ̀ ní Ọ̀jẹ́, Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, má kọjá lára àwọn àgbà tó jókòó síta kó o kàn máa wá yàrá ọ̀rẹ́ ẹ lọ. Kí mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo-ilé, tàbí ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀, sọ ẹni tó o jẹ́ àti ẹni tó o wá kí, ẹnìkan á mú ẹ wọlé. Àwọn tó jókòó síta yẹn náà, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, ọmọ wọn ló kú.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́ràn kàn, kúnlẹ̀ tó o bá jẹ́ obìnrin, dọ̀bálẹ̀ tàbí kó o bẹ̀rẹ̀ tó o bá jẹ́ ọkùnrin, kódà tó ò bá kéré sí i. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló jókòó sí, ìwọ náà jókòó sílẹ̀, má dúró gàgà lórí ẹ̀. Wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé "ẹ kú ọ̀fọ̀ mà, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tù yín nínú." Ìyẹn ti tó. Fún Mùsùlùmí o lè ní "Innā lillāhi", kó o wá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run forí jin olóògbé, kó fi wọ́n sí Alujánnà. Fún Krìstẹ́nì, "Olúwa á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere." Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, "Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́." Wọ́n á dá ẹ lóhùn pé "ẹ ṣé, a ò ní fi irú ẹ̀ san án." Sọ pé àmín, kó o wá pa ẹnu mọ́.

Pípa ẹnu mọ́ yẹn ló ṣòro. Ara wa kìí gbà á, a máa ń rò pé tá a bá dákẹ́ a ò tíì ṣe nǹkankan, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Àwọn tó mọ ìwé Jóòbù á rántí pé ọjọ́ méje tọ̀sán tòru làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jókòó tì í nílẹ̀ láì bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù nìyẹn, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Màmá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń ta ògì. Kìí ṣe ẹbí wa, kò sí nǹkankan tó pa wá pọ̀ ju pé a máa ń ra ògì lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹta tí àbúrò mi kú, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n wọlé wá pẹ̀lú fláásìkì kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní "ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀." Ó tán. Wọ́n ṣí fláásìkì, wọ́n da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ìdérí ẹ̀, wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n fi síbí gbé e sẹ́nu màámi. Màámi ò fẹnu kan nǹkankan láti ọjọ́ méjì o, gbogbo wa ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ò dáhùn. Síbí mẹ́rin ni wọ́n mu. Mo kà á. Màmá ológì yẹn ò ní "ẹ tún mu sí i", wọ́n dé fláásìkì wọn, wọ́n kó gbogbo kọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ pálọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé wọn. A ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí wọ́n lọ.

Tí ẹni tọ́ràn kàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ ọ́, ì báà jẹ́ ìgbà kẹwàá tó máa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá ń sunkún, má ní "ó tó, ó tó". Tó bá jẹ́ ọkùnrin, má sọ fún un pé ọkùnrin kìí sunkún, bàbá mi ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ yẹn, inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ún, wọ́n á ṣí omi sílẹ̀ ká má bàa gbọ́. A ń gbọ́.

Tó o bá mọ olóògbé dáadáa, dárúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù orúkọ yẹn, wọ́n á máa ní "ọ̀rọ̀ yẹn", "nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn". Sọ nǹkan kékeré kan tó o mọ̀ nípa ẹ̀ tí àwọn ará ilé lè má mọ̀. Ọmọdékùnrin kan tí òun àti àbúrò mi jọ ń kọ́ iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ wá bá wa, ó ní bọ̀dá yẹn ló ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún òun látìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀, pé wọ́n ní kóun má sọ fẹ́nikẹ́ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wa sọ, òun nìkan ni mo rántí látòkè délẹ̀.

Ìṣẹ́jú 20 ti tó fún ẹni tí kìí ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Dìde, ní "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín", kó o máa lọ, má sì retí kẹ́nikẹ́ni sìn ẹ́ síta.

6. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o gbé mì

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ó ti fọ́ nìyẹn. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni "kí ló pa á?" Mo mọ̀ pé ẹnu ló máa ń yá, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kìí dá wá, òun ló ń bí "ilé ìwòsàn wo lẹ gbé e lọ?", ìyẹn á wá bí "ẹ ò ṣe tètè gbé e lọ síbòmíì?" Ẹnìkan bi wá bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lóru yẹn, tí mò ń sáré láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan sí èkejì, ó ti pẹ́ báyìí, àmọ́ tí mo bá jí lóru ìbéèrè yẹn náà ni mò ń gbọ́. Bá a bá fẹ́ kó o mọ̀, a máa sọ fún ẹ.

Má ní "ẹ wo àyíká yín dáadáa o". O ti gbin ìfura sáàárín ẹbí tó yẹ kí wọ́n máa di ara wọn mú, o sì ti lọ sílé ẹ lọ sùn.

"Ọlọ́run ló mọ ìdí", "ó ti lọ sinmi", "Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ̀ ju wa lọ": tí ẹni tọ́ràn kàn bá sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ní bẹ́ẹ̀ ni. Má ṣe ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ lè máa bá Ọlọ́run jà lọ́wọ́, ìyẹn sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín." O ò mọ̀ ọ́n. Èmi tó jẹ́ pé àbúrò mi kú, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe ìyá tó bí i, inú ilé kan náà la sì wà.

Opó tí kò tíì pé ogójì ọdún, àwọn èèyàn máa ń sọ fún un pé "ẹ ṣì kéré, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò". Bí ẹni pé fóònù ló sọ nù! Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ mọ́kàn le torí àwọn ọmọ", mo mọ̀ pé gbogbo wa là ń sọ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ burú, ṣùgbọ́n tó o bá máa sọ ọ́, kọ́kọ́ bá a mú ọmọ kan lọ wẹ̀.

7. Tó bá jẹ́ ọmọ ló kú

Èyí yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Àṣà wa ò jẹ́ kí òbí lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ wọn, lọ́pọ̀ ilé wọn kìí tiẹ̀ fi ojú oórì hàn wọ́n. Torí náà má bèèrè pé níbo ni wọ́n sin ín sí, má sì bèèrè ọjọ́ ìnáwó, kò sí ìnáwó.

Fún ẹni tí oyún bàjẹ́ lára ẹ̀, tàbí tó bí òkú ọmọ, ìkíni tá a jogún ni "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ìfẹ́ ló wà nínú ẹ̀, a ń dúpẹ́ pé ìyá ò bá a lọ. Mi ò ní ká jù ú nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan bímọ ní oṣù méje, ọmọ náà ò ké, gbogbo ẹni tó wọlé sì ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, látorí nọ́ọ̀sì títí dórí ìyá ọkọ ẹ̀, nígbà tó máa di alẹ́ ó yíjú sí mi, ó ní "agbè náà ti sán, ẹ ò kàn rí i ni." Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà láti sọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tèmi ni "ẹ kú ewu, ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an." Ohun tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí ẹnìkan bi òun ni bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, torí ó ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ nínú ọkàn ẹ̀. Má sọ pé "ẹ máa tún bí òmíì". Ó lè bí mẹ́wàá sí i, ìyẹn ò sọ pé kò bí ọ̀kan yẹn.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí àwọn ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Bàṣọ̀run níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, ẹ rántí bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́ káàkiri pé kí ló gbé àwọn ìyá wọn débẹ̀. Àwọn ìyá yẹn ní fóònù o. Wọ́n ń kà á. Tó ò bá ní nǹkan tó o máa sọ fún ẹni tó fi ọmọ lọ́wọ́ kúrò nílé tó sì dá nìkan wálé, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni kó o kọ, tàbí kó o má kọ nǹkankan.

8. Gbé nǹkan lọ́wọ́, ṣe iṣẹ́

Má bi wọ́n pé "kí ni mo lè bá yín ṣe?" Wọn ò ní mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní "ẹ má ṣèyọnu". Wò yíká kó o ṣe é. Ilé ọ̀fọ̀ nílò píọ̀ wọ́tà, àga, gáàsì, epo jẹnẹrétọ̀, ẹni tó máa gba àwọn ọmọ nílé ìwé, ẹni tó máa gbé ìpè fóònù, ẹni tó máa bá wọn dé mọ́ṣúárì. Tó o bá máa gbé oúnjẹ lọ, oúnjẹ tó rọrùn láti gbé mì ló dáa, inú abọ́ tí wọn ò ní láti dá padà. Àkàrà nìkan ni kó o ṣọ́ra fún, torí òkú àgbà la máa ń dín àkàrà fún, tí wọ́n á pín in kárí àdúgbò, tó o bá gbé e lọ sílé tí ọ̀dọ́ ti kú àwọn àgbà ibẹ̀ lè rò pé ò ń bá wọn ṣàjọyọ̀.

Owó náà dáa, má tijú pé ó kéré. Fi sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kọ orúkọ ẹ sẹ́yìn ẹ̀ torí ẹnìkan máa ń kọ ọ́ sínú jọ́tà, fi lé ẹni tó ń bójú tó nǹkan lọ́wọ́, má fún ẹni tó ń sunkún. Tó bá jẹ́ tìránsífà, ṣe é tètè, torí pósí àti mọ́ṣúárì kìí dúró de ìparí oṣù. Tó o bá ti ṣèlérí iye kan, mú un ṣẹ.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kìí fẹ́ ṣe, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ilé ìwòsàn á fún wọn ní ìwé tó sọ ohun tó fa ikú, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ NPC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ka iye èèyàn, kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí ikú, báńkì á tún ní kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù gíga kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan owó olóògbé. Fún opó tí ò tíì lè dìde dáadáa, òkè ńlá ni. Tó o bá mọ ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì yìí, tó o lè fi ọjọ́ méjì bá a tẹ̀ lé e, ìyẹn ju kúlà ìrẹsì mẹ́wàá lọ.

9. Tí o ò bá lè lọ

Pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá gbé e, má pè é nígbà mẹ́sàn-án. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, má fi àwòrán òdòdó tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún èèyàn ṣọwọ́. Kọ ọ́ ní tìẹ. Bí àpẹẹrẹ, fún ọ̀gá tàbí àgbà: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ sà. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́. Ọlọ́run á tù yín nínú, á sì bá yín wo àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe ìyọnu àtidáhùn sà, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Fún ọ̀rẹ́: "Mo ti gbọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo wà níbí, fóònù mi máa wà ní títàn lóru. Tó o bá kàn fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ẹ, pè mí." Tó o bá wá kọ irú èyí, tan fóònù yẹn o.

Vóìsì nóòtì náà dáa fún àwọn ìyá tí kìí kàwé dáadáa, ṣùgbọ́n kó má gùn. Ìṣẹ́jú kan, ó pọ̀ tán.

10. Padà lọ lẹ́yìn ogójì ọjọ́

Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsìnkú, ogójì ọjọ́, èèyàn á pọ̀. Ọjọ́ kọkànlélógójì, kò sẹ́nìkan. Wọ́n á ti kó kánópì lọ, àwọn ará ilé tó wá láti Èkó á ti padà, àwọn ọmọ á ti lọ sílé ìwé, ẹni tó kù nílé á wá rí àga kan tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Ìgbà yẹn ni kó o lọ. O ò ní láti kí "ẹ kú ọ̀fọ̀" mọ́, kàn yà síbẹ̀, ra bọ́ọ̀lì dání, bèèrè bí wọ́n ṣe sùn. Kọ ọjọ́ ikú àti ọjọ́ìbí olóògbé sínú fóònù ẹ, kó máa dún, kó o pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọdún àkọ́kọ́, oṣù Ramadan àkọ́kọ́, Kérésì àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ló le.

Màmá ológì ò dẹ́kun àtiwá. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni, tí wọ́n bá ti ta ọjà tán. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màámi lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n á jọ máa ṣa ẹ̀wà, nígbà míì wọn ò ní sọ̀rọ̀ rárá. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí àbúrò mi kú, mo wà nínú ilé, mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹ̀, wọ́n ní "ògì bàbà lọmọ yẹn máa ń ní kí n wọn fóun, kò fẹ́ funfun." Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "irọ́ ló ń pa fún yín, èmi ni mo fẹ́ràn bàbà, èmi ni mo máa ń rán an."